Wíwọn Afẹ́fẹ́ Ilẹ̀ Adúláwọ̀: Ta Ni Ẹlẹ́rìí Wa?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ẹjọ́ tí mo fẹ́ kó síwájú ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa nínú àpilẹ̀kọ yìí, ilẹ̀ Adúláwọ̀ ni wọ́n fi sùn, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Adúláwọ̀ kò sí níjokòó nígbà tí wọ́n ń rò ó.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tí Paul Palmer ti Yunifásítì Edinburgh jẹ́ aṣáájú wọn tẹ ìwádìí kan jáde. Ohun tí sátẹ́láìtì méjì rí láti òkè ni wọ́n fi ṣe é, ọ̀kan ti Jàpáànù, èkejì ti Amẹ́ríkà. Wọ́n ní ilẹ̀ olóoru Adúláwọ̀, pàápàá láti Ethiopia títí dé ìwọ̀-oòrùn lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, ń tú kábọ́ọ̀nù tó tó bílíọ̀nù kan àtààbọ̀ tọ́ọ̀nù sínú afẹ́fẹ́ lọ́dún. Iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni bílíọ̀nù 1.48 fún ọdún 2015 àti 1.65 fún ọdún 2016. Ẹ má ṣe rò pé èéfín mọ́tò tàbí ti ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ń sọ o. Igbó, ọ̀dàn àti erùpẹ̀ ni wọ́n ń bá wí, àwọn ohun kan náà tí olùkọ́ wa kọ́ wa pé wọ́n ń bá ayé gbé èéfín mì.

Ní ọdún 2023, àwọn mìíràn tún ẹjọ́ náà rò. Benjamin Gaubert àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú àkọsílẹ̀ ọkọ̀ òfurufú NASA kan tó ń wọn afẹ́fẹ́ lójú òkun Àtìláńtíìkì láàárín 2016 sí 2018. Ara afẹ́fẹ́ yìí ni èyí tí ìjì ti gbé kọjá lórí ilẹ̀ wa kí ó tó dé ojú òkun. Nígbà tí wọ́n fi í yẹ iṣẹ́ sátẹ́láìtì wò, ẹrù náà fúyẹ́ lórí wa. Ohun tí ilẹ̀ olóoru Adúláwọ̀ ń tú jáde àti ohun tí ó ń gbé mì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ohun tó jẹ́ ẹ̀bi ní 2019 ti di àre ní 2023. Nínú ìdájọ́ méjèèjì, ojú ọ̀run àti ojú òkun ni ẹlẹ́rìí ti wá. Ẹlẹ́rìí tó fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ náà gan-an kò tó nǹkan.

N kò sọ pé ẹnikẹ́ni parọ́ mọ́ wa. Sátẹ́láìtì rí ohun tó rí. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ní ibi tó mọ. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó ta padà láti ilẹ̀ ni irú àwọn méjì yìí ń wò, nítorí náà wọn kì í ríran lóru. Wọn kì í ríran kọjá àwọsánmà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ sì mọ bí àwọsánmà ṣe máa ń bo gúúsù ilẹ̀ wa láti oṣù kẹfà títí dé oṣù kẹsàn-án. Bí òjò bá lọ, eruku ọyẹ́ a gbà á. Àsìkò tí igbó ń jẹun jù, tí ewé tutù yọ̀yọ̀, gan-an ni ojú ọ̀run ń dí.

Kí ni à ń wọ̀n ná?

Oòrùn ń mú ilẹ̀ gbóná, ilẹ̀ a sì dá ooru náà padà sókè. Àwọn gáàsì kan wà nínú afẹ́fẹ́ tí kì í jẹ́ kí gbogbo ooru yìí lọ, bí ìgbà tí ènìyàn fi aṣọ bora sùn. Olórí wọn ni kábọ́ọ̀nù-dayọ́ksáìdì, tí wọ́n ń kọ ní CO2. Kí àwọn Òyìnbó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èédú ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ńlá, bí a bá pín afẹ́fẹ́ sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, nǹkan bí 280 ni CO2 nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1958, Charles David Keeling gbé ẹ̀rọ kan sí orí òkè Mauna Loa ní Hawaii, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́. Ó bá a ní nǹkan bí 315. Ní 2023, ó ti lé ní 420 níbẹ̀. Iṣẹ́ ẹnìkan tí kò jẹ́ kí ẹ̀rọ rẹ̀ dákẹ́ ni gbogbo ayé fi mọ̀ pé CO2 ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún.

Èkejì ni mẹ́téènì, tó ń ti inú màlúù, àkìtàn, àbàtà àti kànga epo jáde. Bí a bá fi ìwúwo wé ìwúwo fún ọgọ́rùn-ún ọdún, agbára rẹ̀ láti mú ayé gbóná lé ní ìlọ́po 25 ti CO2. Ẹ̀kẹta ni náítírọ́ọ̀sì ọ́ksáìdì, tí ajílẹ̀ inú oko ń fà.

Ẹni tó bá mọ Dei-Dei, ní ojú ọ̀nà tó ti Kubwa lọ sí Zuba, yóò mọ̀ pé a kò nílò láti wá àpẹẹrẹ lọ sí òkèèrè. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọjà màlúù àti ilé ìpẹran, kí ẹ gba ibi tí wọ́n ti ń ta pákó kọjá, kí ẹ dé ọjà irin àti sìmẹ́ńtì, kí ẹ sì yà sí ọ̀dọ̀ àwọn alátà àti onítòmátì. Mẹ́téènì wà nínú ikùn màlúù àti nínú tòmátì tó ti rà. CO2 wà nínú ìdọ̀tí pákó tí wọ́n ń sun, nínú jẹnẹrétọ̀ àti nínú ọkọ̀ àjàgbé tí kì í paná bó tilẹ̀ dúró. Èmi tí wọ́n tọ́ dàgbà níbẹ̀, tí Hausa máa ń já lu Yorùbá mi, mo lè fi imú mọ ibi tí mo dé nínú ọjà yẹn láìlajú. Ṣùgbọ́n mélòó ni gáàsì yìí? Imú kò lè sọ ìyẹn.

Báwo ni ìjọba ṣe ń kà á nígbà náà? Ìwé ni wọ́n fi ń kà á. Gbogbo orílẹ̀-èdè ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbìmọ̀ onímọ̀ àgbáyé tí wọ́n ń pè ní IPCC ní ìwé ìlànà kan tí wọ́n tẹ̀ ní 2006. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ní màlúù kan ní Adúláwọ̀ tí kì í ṣe ti wàrà ń tú mẹ́téènì tó tó kílò 31 láti inú rẹ̀ lọ́dún. Ẹ ka màlúù, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 31, ó parí. Ọgọ́rùn-ún màlúù di kílò 3,100. Màlúù funfun tí Fúlàní dà láti òkè Hausa, tó fẹsẹ̀ rìn, tó jẹ koríko gbígbẹ, àti èyí tí ẹnìkan so mọ́lẹ̀ tó ń fún ní èérí ọkà, iye kan náà ni ìwé fún wọn.

Ní Nairobi, ilé-ẹ̀kọ́ ìwádìí ẹran ọ̀sìn tí wọ́n ń pè ní ILRI ní ibùdó kan tó ń jẹ́ Mazingira, tí wọ́n ti ń fi màlúù sínú yàrá tí afẹ́fẹ́ kò lè gbà jáde bó ṣe wù ú, tí wọ́n á sì wọn ohun tó ń mí síta. Àwọn onímọ̀ ibẹ̀ lọ ka màlúù àwọn àgbẹ̀ kékeré ní Nyando, ní ìwọ̀-oòrùn Kenya, wọ́n wọ̀n wọ́n, wọ́n wo ohun tí wọ́n ń jẹ. Iye tí wọ́n rí yàtọ̀ sí ti ìwé, ti ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kéré sí i. A kò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni ti Dei-Dei yóò rí. Ohun tí mo ń wí ni pé ẹnìkan lọ wò ó ní Kenya.

Ọ̀rọ̀ yìí kan owó. Ní Glasgow ní 2021, Ààrẹ Buhari ṣèlérí pé títí 2060, Nàìjíríà kò ní máa fi gáàsì kún ti ayé mọ́. Oṣù kọkànlá ọdún náà ló buwọ́ lu òfin àyípadà ojú ọjọ́. Lọ́dún náà kan náà, ìjọba kọ ọ́ sílẹ̀ pé títí 2030 òun yóò dín gáàsì náà kù ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún sí ibi tí ì bá dé, àti ìdá 47 bí àwọn olówó ayé bá ràn án lọ́wọ́. Àwọn kan ń gbin igi láti ta kábọ́ọ̀nù tó wà nínú rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ òkèèrè. Nínú irú òwò bẹ́ẹ̀, ẹni tó ni òṣùwọ̀n ló ni ọjà. Bí oníbàárà bá sọ pé igi yín kò gbé kábọ́ọ̀nù tó bẹ́ẹ̀ mì, kí lẹ máa fi dá a lóhùn?

Bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n lórí ilẹ̀

Ọ̀nà méjì ló ṣe pàtàkì. Ọ̀kan ni kí a gbé ẹ̀rọ sí ibi tó jìnnà sí èéfín, lórí òkè tàbí létí òkun, níbi tí afẹ́fẹ́ tó ti pò pọ̀ láti ọ̀nà jíjìn ti ń kọjá. CO2 àti mẹ́téènì ní irú ìmọ́lẹ̀ kan pàtó tí kálukú wọn ń gbé mì. Ẹ̀rọ náà a fa afẹ́fẹ́ sínú, a tan irú ìmọ́lẹ̀ yẹn sí i, a sì wo iye tó sọnù lọ́nà. Dei-Dei kò yẹ fún irú èyí rárá. Ẹni tó fẹ́ mọ bí omi odò kan ṣe rí kì í bù ú ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí aláró ti ń da omi aró nù. Àní níbi tó jìnnà pàápàá, òru kò ṣe é gbára lé púpọ̀, nítorí afẹ́fẹ́ òru kì í gbéra nílẹ̀, gáàsì a sì kó jọ sí ìsàlẹ̀. Ìgbà ọ̀sán, tí oòrùn ti ro afẹ́fẹ́ pọ̀ bí ẹni ro ọkà, ni wọ́n máa ń kà sí jù.

Ọ̀nà kejì ni òpó gíga. Ó jọ másìtì àwọn oní-fóònù, ṣùgbọ́n àárín igbó tàbí oko ni wọ́n ń rì í mọ́. Ẹ̀rọ orí rẹ̀ ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń lọ sókè àti èyí tó ń bọ̀ nísàlẹ̀, ní ìgbà 10 tàbí 20 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí èyí tó ń sọ̀kalẹ̀ bá ní CO2 ju èyí tó ń gòkè lọ, igbó ń jẹun nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ òdìkejì, igbó ń mí síta. Ní òpin ọdún, wọn a ṣírò rẹ̀ bí ìwé gbèsè.

Adúláwọ̀ kò ṣófo o. Cape Point ní South Africa ti ń wọn afẹ́fẹ́ láti 1978. Assekrem wà láàárín aṣálẹ̀ Algeria, òkè Kenya ní tirẹ̀, erékùṣù Cape Verde bẹ̀rẹ̀ ní 2006, Rwanda gbé tirẹ̀ sí òkè Mugogo. Òpó Skukuza ní South Africa ti ń ṣiṣẹ́ láti 2000. Ní 2020, òpó tó ga ní mítà 55 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Yangambi, láàárín igbó Congo. Ẹgbẹ́ WASCAL, tí Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó dá a sílẹ̀, rì òpó mọ́ Sumbrungu àti Kayoro ní Ghana, àti Nazinga ní Burkina Faso. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ilẹ̀ Adúláwọ̀ tó nǹkan bí mílíọ̀nù 30 kìlómítà níbùú lóòró. Yúróòpù, tí kò tó ìdajì rẹ̀, ní àjọ kan tó ń jẹ́ ICOS tí ibùdó rẹ̀ lé ní 150, tí gbogbo wọn ń lo òṣùwọ̀n kan náà.

Èyí tó sún mọ́ wa tó sì wù mí jù ni Lamto, ní Côte d'Ivoire, ní ibi tí igbó ti ń di ọ̀dàn. Ibùdó náà ti wà láti 1962, ṣùgbọ́n 2008 ni wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń wọn CO2 àti mẹ́téènì síbẹ̀. Nígbà òjò, afẹ́fẹ́ òkun ló ń fẹ́ wọ ibẹ̀, gáàsì a sì kéré. Bí ọyẹ́ bá dé, afẹ́fẹ́ a yí padà, a ti àríwá ìlà-oòrùn wá, a sì gbé èéfín igbó tí wọ́n ń jó lọ́wọ́. Ni iye náà á bá gòkè. Ẹ wo ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń gbà kí ó tó dé Côte d'Ivoire, ẹ ó rí i pé èéfín ti ọ̀dọ̀ wa kò lè ṣàìsí nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ aládùúgbò ti ń gbóòórùn ọbẹ̀ wa, àwa fúnra wa kò tíì ṣí ìkòkò.

Ríra rẹ̀ kọ́ ni ìṣòro

Ẹni tó bá gbọ́ èyí yóò ní kí ìjọba ra ẹ̀rọ. Wàhálà tó wà nínú ríra kò tó ti títọ́jú. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí òṣùwọ̀n. Àwa ará Abuja ń fi múdù wọn ìrẹsì, ẹ̀yin ará Ìbàdàn ń fi kóńgò. Múdù pàápàá, ti ìyá kan ní ọjà Dei-Dei lè má dọ́gba pẹ̀lú ti ẹnìkejì rẹ̀, torí ẹnìkan ti fi òkúta lu ìdí tirẹ̀ wọnú. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ń ṣe: ní díẹ̀díẹ̀, iye tó ń pè a máa yẹ̀. Nítorí náà, àjọ ojú ọjọ́ àgbáyé, WMO, ní ìyá òṣùwọ̀n kan tó wà ní Boulder, ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń di afẹ́fẹ́ tí wọ́n mọ iye CO2 inú rẹ̀ dájú sínú àgbá irin, tí àwọn ibùdó ayé fi ń yẹ ẹ̀rọ wọn wò. Àṣìṣe tí wọ́n fàyè gbà láàárín ibùdó kan àti èkejì ní apá ayé tiwa kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ti ẹyọ kan nínú mílíọ̀nù lọ. Ẹ wá fojú inú wo àgbá irin yẹn ní èbúté, tí ẹni tó ń yẹ ẹrù wò ń béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, tí ẹ ní afẹ́fẹ́ ni. Afẹ́fẹ́ tí ẹ rà láti Amẹ́ríkà!

Iná tún ńkọ́? Ẹ̀rọ yìí kò fẹ́ kí iná ṣẹ́jú. A mọ ohun tí a máa ń ṣe bí iná bá lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń wọn CO2, èéfín ara rẹ̀ ni yóò máa wọ̀n. Iná oòrùn ló kù, pẹ̀lú bátìrì tó dára, bátìrì sì jẹ́ ohun tí olè fẹ́ràn. Àrá ńkọ́? Eruku ọyẹ́ tó ń dí ihò tí ẹ̀rọ ń gbà mí ńkọ́? Èyí tó wá burú jù ni pé owó ìwádìí ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló ń kọ́ ọ̀pọ̀ òpó wọ̀nyí. Ọjọ́ tí owó bá tán, òpó a dúró, ẹ̀rọ orí rẹ̀ a dákẹ́. Iye ọdún mẹ́ta kò sì lè sọ bóyá igbó ń sanra tàbí ó ń rù.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, a mọ̀ ọ́n ṣe fún ìgbà díẹ̀. Ní 2004, àwọn onímọ̀ físíìsì ṣe iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní NIMEX ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n wọn ooru àti ìrìn afẹ́fẹ́ nítòsí ilẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀rùn ti ń di òjò. Ní oṣù kẹfà àti ìkeje ọdún 2016, iṣẹ́ DACCIWA gbé ẹ̀rọ sí ibi mẹ́ta: Kumasi ní Ghana, Ilé-Ifẹ̀, àti Ṣábẹ̀ẹ́ ní Benin, tí àwọn Faransé ń kọ ní Savè. Nínú mẹ́ta, méjì jẹ́ ìlú Yorùbá. Àwọsánmà, afẹ́fẹ́ àti ìdọ̀tí inú rẹ̀ ni wọ́n ń wá, kì í ṣe gáàsì tí à ń sọ yìí ní pàtàkì, wọ́n sì kó ẹrù wọn nílẹ̀ nígbà tí àsìkò pé. Ọgbọ́n tí wọ́n lò níbẹ̀ ni ọgbọ́n tí òpó ń fẹ́. Ohun tó kù ni kí ó má kúrò nílẹ̀.

Bí wọ́n bá ní kí n yan ibi tí Nàìjíríà yóò ti bẹ̀rẹ̀, n ó mú òkè Mambilla fún afẹ́fẹ́ ọ̀nà jíjìn, n ó sì rì òpó kan sí igbó Ọmọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí UNESCO ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láti 1977. Dei-Dei yóò ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kéékèèké tí owó wọn kò pọ̀ ni, púpọ̀ nínú wọn káàkiri ọjà, kí a lè mọ wákàtí tí èéfín pọ̀ àti ibi tó ti ń wá. TAHMO, àjọ kan tó fẹ́ gbé ẹ̀rọ ojú ọjọ́ 20,000 káàkiri Adúláwọ̀, ti kọ́ wa ní ọgbọ́n kan nínú èyí: ọgbà ilé-ìwé ni wọ́n ń gbé púpọ̀ nínú ẹ̀rọ wọn sí. Àwọn ọmọ a máa lò ó kọ́ ẹ̀kọ́, olùkọ́ a sì máa ṣọ́ ọ. Òjò, ooru àti afẹ́fẹ́ ni tiwọn ń wọ̀n, kì í ṣe CO2, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ní ẹni tó fẹ́ ẹ kì í tètè sọnù.

Ní 2022, ICOS àti àwọn onímọ̀ Adúláwọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní KADI láti ya àwòrán bí gbogbo ibùdó wọ̀nyí ṣe lè di ọ̀kan. Ní 2023, ìpàdé ńlá WMO fọwọ́ sí ètò ìṣọ́ gáàsì fún gbogbo ayé. Àwòrán ti wà, àwọn tó máa gun òpó ni kò tíì pọ̀. WASCAL ń kọ́ àwọn tó ń gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ojú ọjọ́ ní Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ Àkúrẹ́, ó sì ní ètò ẹ̀kọ́ mìíràn ní ti Minna, tí kò jìnnà sí wa ní Abuja. Iṣẹ́ náà fẹ́ ẹni tó mọ físíìsì àti ìṣirò. Ó fẹ́ ẹni tó lè tú ẹ̀rọ, kí ó sì tò ó padà. Ó sì fẹ́ ẹni tó lè jókòó ti baálẹ̀ abúlé kan ní èdè baálẹ̀ náà, kí ó pè é ní bàbá, kí ó fi sùúrù ṣàlàyé ìdí tí másìtì kan tí kò ṣe é fi pe fóònù fi gbọ́dọ̀ dúró lórí ilẹ̀ ìdílé wọn fún ogún ọdún.